Ìrù Ẹran Náà Dà?

Agbo-ilé Ògúnkọ̀yà,
Ìgànná.
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1978.

Mojọlá,

Èmi bàbá rẹ ni mo ń sọ̀rọ̀, Mọ́ládé àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ ọ́. Mo kí ọ, nítorí ẹni tí a fẹ́ bá wí náà là á kọ́kọ́ kí. Ọyẹ́ ń jà níbí. Koríko ti gbẹ, àwọn ọdẹ ti ń sungbó, èéfín ò jẹ́ ká rí ojú ọ̀run. Ara mi le. Ìkíni parí.

Ràsáàkì ọmọ télọ̀ ti ìlú òyìnbó dé. Ó wá kí mi bí ọmọ gidi. Mo bi í pé ṣé ó fojú kàn ọ́ níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìlú kan náà lẹ wà. Ó dorí kodò. Ọmọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ó dorí kodò! Mo fẹjú mọ́ ọn. Ló bá ní, "Baba, ẹ má bínú sí mi o. Mojọlá ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ ni."

Ọkọ wo? Ta ló tọrọ rẹ lọ́wọ́ mi? Ta ló gbé iṣu wá, ta ló dọ̀bálẹ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ yìí? O lọ́kọ, a ò gbọ́. Ọkọ kú, a ò gbọ́. O wá ń ṣe opó, ọmọ télọ̀ ló ń wá ròyìn rẹ̀ fún mi! Àwọn ta ni ará ilé ọkọ ọ̀hún? Ta ni yóò ṣú ọ lópó, ṣé àbúrò rẹ̀ ni àbí ajá rẹ̀? Mo gbọ́ pé ajá ní ń jogún àwọn òyìnbó ibẹ̀.

Bó o bá rò pé èmi nìkan lo fi ìtìjú bò, tún un rò. Ọ̀rọ̀ ti dé etí àwọn ará ilé Olúkúnlé, tíṣà tó ń fẹ́ Mọ́ládé sọ́nà. Wọ́n ní àwọn kì í fẹ́ àbúrò nínú ilé tí ẹ̀gbọ́n ti ń ṣe opó tí a kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ lára rẹ̀. Wọ́n ní bí iṣu tuntun bá dé tí a kò tíì ṣe opó náà bó ṣe yẹ, kí oníkálukú máa lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Nítorí náà, di ẹrù rẹ. Wá jókòó ṣe opó rẹ nílé bí ọmọ ènìyàn. Títí o ó fi dé, n kò ní pe oríkì rẹ mọ́.

Ògúnkọ̀yà.

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi Mọ́ládé ni mo ń fi èyí sí etí ìwé, Baba ti jáde. Ìyá ní irọ́ ni. Ó ní, "Baba Mojọlá, ọmọ tí mo bí kọ́ lẹ ń sọ yẹn." Baba jágbe mọ́ ọn níwájú Ràsáàkì. Ó ní kó panu mọ́, pé ẹ̀yìn rẹ̀ lọmọ ti bàjẹ́. Láti ọjọ́ náà Ìyá kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Á gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un, á padà sídìí gàrí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Olúkúnlé kò yà sílé wa mọ́.


Leeds.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Èrèlé, 1978.

Baba mi,

Mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ ní tòótọ́ nínú yàrá mi kí n tó mú kálàmù, kí ẹnikẹ́ni má baà wá sọ fún yín pé òyìnbó ti gba orúnkún lára mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú èéfín.

Mo ka ìwé yín lórí ìdúró. Mo jókòó, mo tún un kà. N kò lọ́kọ. N kò ní ọkọ rí. Kò sí ọkọ mi kankan tó kú.

Ẹ̀yin ò bi mí o, Baba. Ẹ ò kọ̀wé pé, "Mojọlá, a gbọ́ báyìí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ẹjọ́ ti parí kó tó dé etí mi. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn ju ọ̀rọ̀ Ràsáàkì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbà ọkùnrin, mo kọ ọ́ sínú ìròyìn pé bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Hartley ń banú jẹ́. Olùkọ́ wa, Sísítà Doyle, kà á sókè níwájú gbogbo wa. Ó wò mí, ó ní, "Substantiate."

N kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Ojú tó fi sọ ọ́ ni mo mọ̀. Èmi nìkan ni dúdú nínú wa, mo sì gbà pé òpùrọ́ ló pè mí. Nígbà tí mo délé mo wo ìwé atúmọ̀ èdè: ó ní kí ènìyàn fi ẹ̀rí ti ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́yìn. Inú mi tún wá ru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi! Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá bi mí! Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá a.

Mo ní, "Sísítà, ṣé irọ́ ni mo pa?"

Ó ní, "N kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí lo rí?"

Mo ní bàbá náà ń kọjú sí ògiri.

"Ìyẹn lo rí. Kí ló tún wà ńbẹ̀?"

Mo ní kì í jẹun. Mo ní bó bá di àkókò àbẹ̀wò, ilẹ̀kùn ló máa ń wò títí agogo á fi lù, kò sì sẹ́ni tó ń wá.

Ó ní, "Ìyẹn ni kó o kọ. Ìbànújẹ́ wà nínú ọkàn rẹ̀, ìwọ ò wọ ibẹ̀. Ilẹ̀kùn tó ń wò lo rí."

Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yẹn dá ara mi dúró. Mo sì wá rí i pé kì í ṣe àjèjì sí mi rárá. Inú ọ̀ọ̀dẹ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí Ràmọ́nì sáré wọlé, tí òógùn bò ó, tó ní kí a pe àwọn alágbára jọ, pé òun ti pa ẹfọ̀n lẹ́bàá odò? Ẹ ò dìde lórí ẹní. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni ọdẹ ń mú ìrù wá kí ẹnikẹ́ni tó gbé igbá dìde láti lọ ru ẹran. Ẹ ní, "Ràmọ́nì, ìrù dà?" Ó ní ìrù wà lára ẹran. Ẹ ní, "Ẹran náà ṣì wà lára igbó nìyẹn." Àwọn ọdẹ rẹ́rìn-ín títí, Ràmọ́nì sì jókòó jẹ́ẹ́.

Ràmọ́nì tí ẹ jọ ń tọwọ́ bọ àwo kan náà, ẹ bi í léèrè ìrù. Ràsáàkì wọlé, ó ní ọmọ yín ti fẹ́ ọkọ, ó sì ti sin ín. Baba, ìrù ẹran náà dà? Kí ló dé tó jẹ́ pé nígbà tó kan èmi lẹ gbé igbá dìde?

N kò ní wá. Ìdánwò mi wà lóṣù Òkúdù. Ẹni tó sọ ọ́ ni kó substantiate.

Ẹ bá mi kí Ìyá mi. Mọ́ládé, òótọ́ tó o bèèrè nìyí.

Èmi ọmọ yín,
Mojọlá.


Ìgànná.
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Ẹ̀rẹ̀nà, 1978.

Mojọlá,

Èmi náà ni. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, a ti ń kọ ebè.

Mọ́ládé ka ìwé rẹ fún mi. Ó kọsẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn, mo ní kó máa pè é títí ó fi wọ̀ mí létí. Sọbusitanṣiéètì. Ó gùn bí ejò. Ṣùgbọ́n o sọ òótọ́ kan níbẹ̀, n kò bèèrè ìrù. Ó sì dùn mí pé ìwọ lo rán mi létí, kì í ṣe ẹgbẹ́ mi.

Mo ránṣẹ́ pe Ràsáàkì. Mo tẹ́ ẹní tí mo máa ń jókòó lé bí àwọn ọdẹ bá ń bọ̀. Mo ní, "Ìrù dà?"

Mojọlá, ìrù mẹ́ta ló kó kalẹ̀.

Ó ní o ti fá orí rẹ kodoro, pé òun fojú ara òun rí i. Ó ní aṣọ dúdú lo wọ̀, láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta ló gbé mi ṣubú. Ó ní òun ń kọjá lẹ́bàá itẹ́ òkú, òun rí i tí wọ́n ń sọ pósí kalẹ̀. Ó ní àlùfáà bu erùpẹ̀, ìwọ náà bẹ̀rẹ̀, o fi ọwọ́ rẹ bu erùpẹ̀, o dà á lé e. Òun pè ọ́ láti ẹ̀yìn irin ọgbà, ariwo ọkọ̀ kò jẹ́ kó o gbọ́. Mo ní kó búra, ó fi ahọ́n kan irin ìbọn mi. Ojú rẹ̀ kò yẹ̀.

Ta ní ń bu erùpẹ̀ lé òkú lórí ní ìlú yìí? Ọmọ òkú ni, tàbí aya rẹ̀. Òkú náà kì í ṣe bàbá rẹ. Bàbá rẹ ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Kí ló wá kù?

Ó di ọwọ́ ìwọ náà nìyẹn. Sọbusitanṣiéètì. Má sì tún kọ ọ̀rọ̀ Ràmọ́nì sí mi mọ́, ó gbọ́ pé o dárúkọ òun, ó ń bínú.

Àwọn ará ilé Olúkúnlé wá lánàá. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ̀, kò wọlé, kò gba omi mu. Nínú ilé mi! Èmi Ògúnkọ̀yà ni ènìyàn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi bí ẹni tó ń sá fún ṣọ̀pọ̀ná. Ó ní iṣu tuntun ni àwọn ń wò, pé àwọn ò ní wò kọjá rẹ̀. Wá sílé.

Ògúnkọ̀yà.

Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òótọ́ ni ti irun yẹn? Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Mo sọ fún Ìyá. Gàrí ló ń kù, kò gbójú sókè. Ó ní kí n kọ ọ́ sí yín pé irun a máa hù.


Leeds.
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Igbe, 1978.

Baba mi,

Mo kúnlẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí kálàmù fa ìwé ya, ẹ má rò pé òtútù ni.

Ìrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òótọ́ ni. Ràsáàkì kò parọ́ lórí ọ̀kan. Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ jókòó lórí ẹní yẹn kan náà, kí ẹ fi ojú ọdẹ wò wọ́n pẹ̀lú mi.

Orí mi. Làpálàpá ló wọ wọ́ọ̀dù wa, ó mú àwọn aláìsàn, ó mú nọ́ọ̀sì. Dókítà ní kí n fá irun kí oògùn lè dé ara. Èmi nìkan kọ́. Ọmọ Ireland kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fá tirẹ̀ pẹ̀lú, ọkọ rẹ̀ sì wà láàyè, ó ń wa bọ́ọ̀sì, ó ń jẹ ọ̀dùnkún. N kò kọ ọ́ sí yín nítorí kì í ṣe ìròyìn. Ṣé kí n máa kọ̀wé sílé ní ti làpálàpá ni?

Aṣọ dúdú. Kóòtù òtútù ni, Baba. Òtútù ni olórí ìlú yìí, kóòtù dúdú ni aṣọ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ kóòtù ni Ràsáàkì fi ń mọ opó, opó pọ̀ ju ènìyàn lọ ní Leeds. Òun náà ní ọ̀kan. Ẹ bi í pé ìyàwó rẹ̀ wo ló kú.

Ó wá ku erùpẹ̀. Òkú tó rí yẹn, Hartley ni. Bàbá tó ń wo ilẹ̀kùn. Ó dàgbà jù yín lọ. Ó kú tán, wọ́n kọ̀wé síbi tí wọ́n rò pé ó ti ní ẹbí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọ̀gá wa bèèrè ẹni tí yóò sin ín dé itẹ́. Mo ní èmi. Èmi ni mo kọ ọ́ pé ó ń wo ilẹ̀kùn, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹnì kan wọlé nígbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àlùfáà bu erùpẹ̀ tirẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́nìkan. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bù ú.

Ẹ ní ta ní ń bu erùpẹ̀ lé òkú lórí. Èmi náà ní ìbéèrè.

Ọdún tí ẹ lọ dẹ̀gbẹ́ lọ́nà Kíṣí, mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ padà wálé láìmú ẹran kankan. Erùpẹ̀ wà lábẹ́ èékánná yín. Èmi ni mo bu omi sí yín lọ́wọ́, mo rí i. Ìyá bi yín léèrè. Ẹ ní ẹ bá Fúlàní darandaran kan tó ti kú sábẹ́ igi òrí, màlúù rẹ̀ dúró yí i ká, wọn ò jẹko. Ẹ ní ẹ fi àdá gbẹ́lẹ̀, ẹ sin ín, ẹ fi ọwọ́ bu erùpẹ̀ lé e. Ìyá ní, "Ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí?" Ẹ ní, "Òkú tí ojú mi bá ti rí, èmi ni ẹbí rẹ̀." Mo gbọ́ ọ. Kò sí ìwé tí mo ti kà á, ẹnu yín ni.

Bí ọmọ télọ̀ kan bá ń kọjá lọ́jọ́ náà ńkọ́, Baba? Bó bá fi ahọ́n kan irin, pé òun rí Ògúnkọ̀yà tó ń da erùpẹ̀ lé Fúlàní lórí, nítorí náà Fúlàní ló bí i, ṣé Ìyá ni yóò kó ẹrù jáde nílé? Ṣé wọn ò ní fún yín ní ọ̀pá darandaran?

Orí ló rí. Kóòtù ló rí. Erùpẹ̀ ló rí. Ọkọ ni kò rí, àtàrí ara rẹ̀ ló ti fà á yọ. Ìrù ló mú wá lóòótọ́, ìrù ewúrẹ́ ni, ó ní kí ẹ pè é ní ìrù ẹfọ̀n, ẹ sì pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í pé kí lorúkọ òkú. Ẹ bi í pé ọmọ ọdún mélòó. Ẹ̀yin sì ní ó di ọwọ́ mi. Kí ni yóò di ọwọ́ mi? Ọdẹ tó ní òun kò yìnbọn, ìrù kí ni yóò mú wálé?

N kò ní wá ṣe opó ẹni tí kò sí. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi oríkì mi fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n Mọ́ládé kò ṣẹ̀ yín, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí ìgbéyàwó rẹ̀ bá bọ́, kì í ṣe èmi ni mo bọ́ ọ o.

Èmi náà ni,
Mojọlá.


Leeds.
Ọjọ́ kẹrin oṣù Òkúdù, 1978.

Baba mi,

Mo kúnlẹ̀. N kò rí èsì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi le, n kò sì kó o padà. Ọ̀la ni mo bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Alájọgbé mi ní mo ń wo ihò lẹ́tà ilẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Mo ní kó substantiate. Ó ní, "O ti wò ó láàárín ìgbà tá a jọ ń sọ̀rọ̀ yìí." Òótọ́ ni.

Bí ẹ ò bá fẹ́ kọ̀wé, ẹ jẹ́ kí Mọ́ládé sọ fún mi bóyá Ìyá ti ń sọ̀rọ̀.

Mojọlá.


Ìgànná.
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Agẹmọ, 1978.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú pé ó pẹ́. Baba ló ní kí n má kọ nǹkan kan. Nígbà tí mo ka ìwé yín dé ibi Fúlàní yẹn, ó ní kí n dúró níbẹ̀. Ó wo èékánná rẹ̀. Ó gbé ìbọn, ó lọ sí oko, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé Ìyá ní kí n máa gbé oúnjẹ lọ fún un. Bí mo bá dé ọ̀hún, á ní kí n ka ibẹ̀ yẹn sí i. N ó kà á. Lẹ́yìn náà, á ní kí n kà á dé òpin.

Nígbà tí ìwé kejì dé, tí iṣu sì ti ń tóó wà, ó wálé. Ó ránṣẹ́ pe àwọn ará ilé Olúkúnlé, ó pe àwọn ọdẹ, ó pe Ràsáàkì. Ó tẹ́ ẹní. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́.

Baba ní, "Ràsáàkì, kí lorúkọ òkú ọjọ́ náà?"

"N kò mọ̀, Baba."

"Ọmọdé ni àbí àgbà?"

"Pósí ni mo rí, Baba. N kò rí inú rẹ̀."

"O ò rí inú rẹ̀, o sì mọ̀ pé ọkọ ọmọ mi ló wà ńbẹ̀?"

Ẹ mọ ẹnu Ràsáàkì. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà náà lẹ sọ pé ẹni tó bá rí èéfín, ó ti rí iná."

Baba ní, "Nígbà ọyẹ́ tó o wọlé wá yìí, ṣé èéfín ò bo gbogbo ìlú? Ilé ta ló jó?"

Ni Ràmọ́nì bá ti igun tó jókòó sí nahùn jáde, ohùn rẹ̀ dùn bí ẹni tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: "Ràsáàkì, ìrù dà?" Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọdẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé lé wa lórí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá Olúkúnlé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó yé àwa. Ṣùgbọ́n ẹnu ayé ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ti dé Ìlérò."

Baba ní, "Ọdẹ tó bá ké pé òun pa á, tí kò sì pa á, kí ni à ń ṣe fún un níbí?"

Wọ́n ní ilé tó bá ti ké ni yóò padà sí.

Baba ní, "Ràsáàkì, dìde." Òun náà dìde. Ràsáàkì ní, "Baba, ẹ̀yin náà kẹ̀?" Ó ní, "Ìwọ lo ké sí mi. Èmi ni mo ké sí ìlú."

Wọ́n jọ lọ. Ẹnu ọ̀nà kan sí èkejì. Á dúró, á ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa Mojọlá ọmọ mi, mo ké láìrí ìrù. N kò pa ẹran kankan." Á kọjá lọ. Ìyá Ràsáàkì tilẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ẹ̀bẹ̀ o, Baba ọdẹ." Baba ní, "N kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ mi ni mo wá kó sílé." Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ dé Ìlérò, Ràsáàkì ló ń wà á, Baba jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìbọn rẹ̀, ọ̀nà sì kún fún ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ òyìnbó yín ti wọ ẹgbẹ́ ọdẹ báyìí. Bí ẹnì kan bá ti ń ròyìn ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á ní, "Sọbusitán!"

Olúkúnlé wá. Ó ní kò sí ohun tó wà lọ́kàn òun tẹ́lẹ̀, pé àwọn àgbà ló dá òun dúró. Mo ní kó kọ́kọ́ jókòó sójú oòrùn ná. Ó jókòó. Iṣu tuntun ni wọ́n ń wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí ìgbéyàwó ni wọ́n ṣe ń wò ó báyìí.

Ẹ bèèrè Ìyá. Nígbà tí Baba ti Ìlérò dé, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ìdí gàrí ni Ìyá wà, ó ń yan án. Ó dìde, ó bu omi ẹsẹ̀ fún un. Ó padà sídìí iná. Kò sọ̀rọ̀.

Baba ti jókòó, ó ní kí n kọ tòun:

Àwẹ̀ró.

Mo ti dé gbogbo ilé. Kò sí ẹnu ọ̀nà tí mo ti sọ ọ́ tí n kò padà sí, ìwọ náà lè bi Ràmọ́nì. Màlúù darandaran yẹn, o sọ pé wọn ò jẹko. Òótọ́ ni. Mo ti gbàgbé pé mo sọ ìyẹn fún yín. Orí ńkọ́, ṣé oògùn náà jẹ́? Ṣé irun ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù?

Ògúnkọ̀yà, bàbá rẹ.


Leeds.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ògún, 1978.

Baba mi,

Mo kúnlẹ̀, orúnkún mi sì fúyẹ́ lónìí. Mo ti yege ìdánwò. Sísítà Doyle ló kọ́kọ́ bọ̀ mí lọ́wọ́.

Mo rí oríkì mi lórí ìwé. Mo pa á dé, mo jókòó, mo tún un ṣí bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo gbọ́ pé ẹ rin ẹrẹ̀ dé Ìlérò. N kò mọ bàbá mìíràn tí yóò ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ ti dé gbogbo ilé, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé inú mi kò tíì rọ̀ tán, nítorí ẹnu ọ̀nà kan wà tí ẹ ò tíì dé.

Ẹnì kan wà tó ti sọ pé irọ́ ni kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ìrù. Níwájú Ràsáàkì lẹ ti pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ ní ẹ̀yìn rẹ̀ lọmọ ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà nílẹ̀ níbi tí ẹ sọ ọ́ sí, ẹ ò tíì kó o. Kò gba kẹ̀kẹ́, Baba. Ẹ̀yìnkùlé ni, nídìí gàrí.

Mọ́ládé, dákẹ́ níbi tó o kà á dé yìí. Pa ìwé náà dé. Má ka ìyókù fún Baba àfi tó bá lọ tó bọ̀.

Ẹ káàbọ̀, Baba mi. Irun ti hù.

Mojọlá Àwẹ̀ró.